Téèpù Ìyá Mi àti Ìwé Tó Ní Kò Sí

Wọ́n fi ìwé pélébé kan gba ìpè lẹ́nu mi fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹnì kankan nínú wọn kò tíì sọ pé, “Ẹ má bínú.”

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le. Mo fẹ́ kó le. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó rò pé ẹkún ni mo fẹ́ wá sun sí yín létí, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: ara mi ti yá, mo ti ń rẹ́rìn-ín ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu méjèèjì, ìpè mi sì ti padà sẹ́nu mi. Inú mi dùn débi pé aládùúgbò mi tó ń gbé ìsàlẹ̀ ti bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì pé kí inú mi máa dùn níwọ̀nba. Ayọ̀ àti ìbínú lè jọ gbé ilé kan. Nínú tèmi, orí bẹ́ẹ̀dì kan náà ni wọ́n jọ ń sùn.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan kan kò dára. Mo ń wẹ̀ nínú ilé tí mo rẹ́ǹtì ní Yábàá, mo fi kàìnkàìn gba ẹ̀yìn orúnkún mi òsì, mo bá rí i pé ojú ibẹ̀ gbóná ju ibi tó kù lọ. Kò dùn mí. Kò yún mi. Ó kàn gbóná ni, bí ẹ̀yìn fóònù tí wọ́n ti ń lò láti àárọ̀. Mo mú dígí, mo wò ó. Èèyàn dúdú ni mí. Ojú ibẹ̀ wá dúdú sí i díẹ̀, ó fẹ́ jọ elésè-àlùkò, ó rí roboto, àárín rẹ̀ sì mọ́ ju etí rẹ̀ lọ. Mo ní bóyá mo fi gbá nǹkan ni. Mo wọṣọ, mo lọ síbi iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe, torí ó kan ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Tèmi ni láti wá ibi tí ètò náà ti máa dàrú kí oníbàárà tó rí i. Ọdún méjìlá rèé tí wọ́n ti ń sanwó fún mi pé kí n máa wá àṣìṣe. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Tọ́pẹ́, fi ń pè mí ní Àǹtí Àléébù. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé bí àyẹ̀wò kò bá rí àṣìṣe, ohun tó túmọ̀ sí ni pé àyẹ̀wò náà kò rí i. Kò túmọ̀ sí pé àṣìṣe kò sí. Ẹ bá mi fi gbólóhùn yẹn sápò.

Nǹkan kejì tí mò ń ṣe ni pé mò ń fun ìpè nínú bàǹdì ṣọ́ọ̀ṣì wa. Lọ́jọ́ Ìkórè, kí àwọn ìjọ tó tò jáde yí àdúgbò ká, ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń dúró níwájú tí yóò fun ìpè àkọ́kọ́, tí gbogbo ẹsẹ̀ yóò sì gbéra. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ọkùnrin ni wọ́n ń yàn. Lọ́dún yìí, èmi ni wọ́n yàn. Bí ẹ bá rí ìyá mi lọ́jọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀, ẹ ó rò pé wọ́n fi mí jẹ gómìnà ni.

Ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, iléeṣẹ́ wa kó gbogbo wa lọ sí ìpàdé ní Jámánì. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, wọ́n ní ká fẹsẹ̀ rìn gba inú igbó kan, pé ó ń tu ọkàn lára. Èmi ọmọ Muṣin, tí ìyá mi ti fi ejò dẹ́rù bà mí kúrò nínú koríko láti kékeré, mo wọ ṣòkòtò péńpé, mo wọ inú koríko tó dé orúnkún. Àwọn òyìnbó ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé ohunkóhun bù mí jẹ. Eégbọn ibẹ̀ lè kéré bí èrúnrún búrẹ́dì. Ó lè mu ẹ̀jẹ̀ ní àmuyó, kó já bọ́, kí ènìyàn má sì fura.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo dúró ní ṣọ́ọ̀bù ìyá mi ní Tejúoṣó. Bọ́tìnnì, síìpù, òwú àti ṣọ́ọ̀kì télọ̀ ló ń tà. Téèpù ìwọnṣọ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó máa ń gbé e kọ́ bí dókítà ṣe ń gbé ẹ̀rọ ìgbọ́yà kọ́. Mo fi ẹ̀yìn orúnkún mi hàn án.

“Làpálàpá nìyí,” ló wí, kò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó.

“Mọ́mì, kò yún mi o.”

“Ṣé o ò lè ní sùúrù ni? Á yún ọ.”

Bọ̀dá Tọ́pẹ́ tó wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ náà bẹjú wò ó. “Ẹ wo ẹ̀dá o! Àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ ń ra ṣokoléètì bọ̀ láti Jámánì, làpálàpá ni ìwọ rà bọ̀.”

Ìyá mi já ewé àsúnwọ̀n ní àgbàlá Alhaja aládùúgbò wọn ní Muṣin, ó gún un, ó fi kùn mí lẹ́sẹ̀. Gbogbo wa la mọ àsúnwọ̀n sí ewé làpálàpá, kò sẹ́ni tó máa bá ìyá wí. Ṣùgbọ́n ìyá mi kì í lo nǹkan láì mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Kó tó kùn ún, ó mú ṣọ́ọ̀kì télọ̀, ó fi fa ìlà yí etí ojú ibẹ̀ ká, ó na téèpù lé e, ó sì kọ ọ́ sẹ́yìn páálí bọ́tìnnì kan: “Ọjọ́bọ̀, íǹṣì méjì.” Lọ́jọ́ Àìkú, ojú ibẹ̀ ti kọjá ìlà ṣọ́ọ̀kì: “Íǹṣì mẹ́ta ààbọ̀.” Ìyá mi bínú sí ewé, ó ní ewé náà ti gbó jù, ó já ọ̀jẹ̀lẹ́. Ní Ọjọ́rú: “Íǹṣì márùn-ún.” Ó wá ra ìpara oníkẹ́míìsì kan lé e.

Níbí ni mo ti gbọ́dọ̀ ka àṣìṣe tèmi mọ́ ti àwọn tó kù. Èmi tí mò ń fi wíwá àṣìṣe jẹun, mo rí ìwọ̀n mẹ́ta tó ń gòkè lójú mi, mi ò béèrè pé làpálàpá wo ló ń sáré báyìí. Ìwọ̀n náà ń pariwo. Ewé la ń bá jà.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ibà gbé mi dè. Ọrùn mi gan, orí ń fọ́ mi, gbogbo oríkèé ń ro mí bí ẹni tó ru sìmẹ́ǹtì. Mo wọ́ ara mi lọ sí ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ní Sábó, tí kò ju ilé mẹ́rin lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mi ò ní dárúkọ wọn níhìn-ín. Wọ́n mọ ara wọn. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì onírin fún wákàtí méjì pẹ̀lú àwọn mìíràn tí a jọ ń gbọ̀n, olúkúlùkù ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó kàn mí, ọ̀gbẹ́ni tó wọ kóòtù funfun kò wò mí lójú.

“Ibà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Maléríà àti táífọ́ọ̀dù nìyẹn. Ẹ na ọwọ́ wá.”

Ẹ ṣàkíyèsí ètò ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ti dájọ́ kí abẹ́rẹ́ tó wọlé.

Èsì jáde: maléríà kò sí, ṣùgbọ́n táífọ́ọ̀dù, ìyẹn ibà jẹ̀funjẹ̀fun, wà, “ọ̀kan lórí ọgọ́jọ.” Wídáàlì ni wọ́n ń pe àyẹ̀wò yẹn. Ohun tó ń wá kì í ṣe kòkòrò àìsàn náà fúnra rẹ̀. Ipasẹ̀ àwọn ọmọ ogun tí ara ń rán jáde láti bá a jà ló ń wá. Ẹni tó ti ní táífọ́ọ̀dù nígbà kan rí, tàbí tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, lè gbé ipasẹ̀ yẹn kiri fún ìgbà pípẹ́. Bí wọ́n bá fi Wídáàlì yẹ gbogbo akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa wò lọ́jọ́ Àìkú, kò ní yà mí lẹ́nu bí wọ́n bá ní àwọn ohùn ìsàlẹ̀ pátá ní táífọ́ọ̀dù, tí wọ́n á sì máa kọrin wọn lọ geere. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ dájú gbọ́dọ̀ gbin ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò, kó dúró wò bóyá kòkòrò á hù. Ẹnikẹ́ni kò bá mi gbin nǹkan kan. Wọ́n fún mi ní oògùn, mo lò ó tán. Ibà náà rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, ojú ibẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́, ìyá mi sì gba ògo fún ewé.

Àmọ́ ó ṣì ń rẹ̀ mí, oríkèé ṣì ń ro mí, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé lórí fóònù. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ pàdé àrùn Láìmù: àrùn tí eégbọn inú igbó ilẹ̀ òtútù ń gbé kiri, tó máa ń fi ojú roboto hàn lára kó tó wọ inú. Gbogbo àwòrán tó wà níbẹ̀ ló jẹ́ ti ara òyìnbó, òrùka pupa rokoso lórí awọ funfun. Kò sí ẹyọ kan tó jọ ẹ̀yìn orúnkún mi. Síbẹ̀, ìtàn náà jọ tèmi.

Mo gbé e lọ bá dókítà kan ní Sùúrùlérè, àgbàlagbà tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

“Àǹtí,” ó rẹ́rìn-ín músẹ́, “àrùn òyìnbó lẹ fẹ́ kó? Kò sí yẹn ní Nàìjíríà.”

“Dókítà, èmi náà kò sí ní Nàìjíríà nígbà yẹn.”

Kò rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó kọ ìwé, ó ní kí n padà sí ilé àyẹ̀wò ti Sábó, pé àwọn ló ń bá òun fi irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sókè òkun. Kò béèrè ọjọ́ tí mo rìn nínú igbó. Ọ̀gbẹ́ni kóòtù funfun tó fa ẹ̀jẹ̀ náà kò béèrè. Ó lé lọ́sẹ̀ méjì kí èsì tó dé, orí ìwé tiwọn, pẹ̀lú òǹtẹ̀ tiwọn, ọ̀rọ̀ méjì péré: KÒ SÍ.

Dókítà gbé ìwé náà sókè bí adájọ́. “Ẹ̀jẹ̀ kì í parọ́, màdáàmù. Ẹ lọ sinmi.”

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wá sọ òótọ́ nípa ẹ̀jẹ̀, torí àwọn tó ń kàwé yìí lè bá ara wọn lórí bẹ́ǹṣì yẹn lọ́la. Àyẹ̀wò Láìmù náà, bíi Wídáàlì, ipasẹ̀ ọmọ ogun ló ń wá. Kòkòrò lè ti wọlé, kó ti máa jẹun, kó ti máa sùn nínú ara. Ara kò ní tíì kó ọmọ ogun jọ tó bẹ́ẹ̀ tí àyẹ̀wò á fi rí wọn. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tó bá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò láàárín àsìkò yẹn dà bí ẹni tó wo ojú pópó láago márùn-ún ìdájí, tó ní kò sí èrò ní Yábàá. Ẹ̀jẹ̀ kì í parọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọ́n bi í nìkan ló ń dáhùn, ìbéèrè tí wọ́n bi tèmi sì ti yá jù.

Mo gbà fún wọn. Ìyẹn ló dùn mí jù. Wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sórí ìwé, èmi tí mo mọ̀ pé àyẹ̀wò lè fo àṣìṣe dá, mo káwọ́ sẹ́yìn, mo lọ sílé.

Lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a wà níbi ìfidánrawò bàǹdì. Mo gbé ìpè sẹ́nu, mo fẹ́ ẹ, afẹ́fẹ́ jò jáde ní ẹ̀gbẹ́ òsì, fíì. Mo tún un ṣe. Fíì. Díákónì Kúnlé, tó ń fun ìpè kejì, tí gbogbo wa sì mọ̀ pé òun ni ì bá fun ti Ìkórè bí wọn kò bá yàn mí, wò mí láti ẹ̀gbẹ́.

“Sísítà Fọlákẹ́, ṣé ìpè lẹ̀ ń fun ni, àbí tíì lẹ̀ ń fẹ́ kó tutù?”

Gbogbo bàǹdì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà wá jáde ní ẹ̀gbẹ́ kan péré, ẹ̀gbẹ́ kejì dúró gbagidi bí ògiri. Mo rí i lójú wọn kí n tó mọ̀ ọ́n lára mi: ẹ̀rín kú mọ́ wọn lẹ́nu lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Díákónì Kúnlé ló kọ́kọ́ gbé ìpè tiẹ̀ sílẹ̀.

Ìkórè ku ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án.

Bọ̀dá Tọ́pẹ́ gbé èmi àti ìyá mi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ìyá mi ń pe Jésù nínú ọkọ̀, ó ń wí pé rọpárọsẹ̀ ni, pé ọmọ òun kò tíì tó ogójì ọdún. Bí ẹnu yín tàbí ti ẹnikẹ́ni tiyín bá wọ́ lójijì, ẹ má ka ìwé yìí tán, ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, torí rọpárọsẹ̀ lè jẹ́ lóòótọ́, wákàtí kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. A jókòó wákàtí mẹ́rin. Obìnrin kan ń jẹ ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó bu díẹ̀ fún mi. Ẹ̀pà náà ń já bọ́ ní igun ẹnu mi òsì, obìnrin náà ń bá mi ṣà á, kò bi mí léèrè ohunkóhun. Mo ṣì ń gbàdúrà fún un.

Dókítà tó pè wá wọlé kéré lọ́jọ́ orí sí mi. “Ẹ bá mi hun iwájú orí yín.” Mo hun ún, ẹ̀gbẹ́ òsì kò hun. Ó ní bó bá jẹ́ pé inú ọpọlọ ni wàhálà ti wá, iwájú orí sábà máa ń ṣì gbéra. Tèmi tí kò gbéra yìí, ó jọ pé iṣan tó ń darí ojú fúnra rẹ̀ ló wú. Ó ṣe àyẹ̀wò ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ìfúnpá, ṣúgà. Lẹ́yìn náà ló béèrè ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀:

“Níbo lẹ rìnrìn àjò lọ láìpẹ́ yìí?”

Mo fẹ́ dìde gbá a mọ́ra. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo fi ìwé KÒ SÍ hàn án. Ó wo ọjọ́ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, ó béèrè ọjọ́ tí mo wọ igbó, ó fi ìka kà á.

“Ó yá jù. Kí ni ojú ara yẹn jọ?”

Kò sí lára mi mọ́. Mo wá gbogbo inú fóònù mi, mi ò ya àwòrán rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyá mi ti ṣí báàgì rẹ̀, tó tú àwọn síìpù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó fa páálí bọ́tìnnì jáde.

“Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé èyí wúlò? Àwa ti rò pé làpálàpá ni. Ìwọ̀n rẹ̀ nìkan ni mo kọ.”

Dókítà gbà á, ó kà á, ó tún un kà. “Ọjọ́bọ̀ méjì, Àìkú mẹ́ta ààbọ̀, Ọjọ́rú márùn-ún. Mọ́mì, báwo lẹ ṣe mọ ibi tó dé?”

“Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i ni. Ṣé èèyàn lè gé aṣọ láì fa ìlà?”

“Ṣé ó ń pa èépá? Ṣé ó ń bó?”

“Rárá o. Ó dán. Ó rí bíi bọ́tìnnì kóòtù, ó létí yíká, àárín rẹ̀ wá rọra mọ́.”

Dókítà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ayọ̀ gidi. “Làpálàpá kì í sáré báyìí. Mọ́mì, ẹ ti bá wa ṣe iṣẹ́ wa.” Ó ní òun kò ní dúró de ẹ̀jẹ̀ kankan. Ìrìn àjò, ojú ara tó ń fẹ̀, àti ojú tó wọ́ ti tó. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo bẹ̀rẹ̀ oògùn apakòkòrò, dọ́sísáíkílìn, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó tún fa ẹ̀jẹ̀ láti fi wé ti àkọ́kọ́. Nígbà tí èsì yẹn dé, ọmọ ogun ti yọ, wọ́n pọ̀ lọ súà. Oògùn ti ń ṣiṣẹ́ lára mi nígbà náà.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé ó rọrùn. Ojú òsì mi kò pa dé. Mò ń kán oògùn sí i lọ́sàn-án, mo ń fi téèpù ìwòsàn lẹ̀ ẹ́ pa bí mo bá fẹ́ sùn. Mi ò lè sọ “bàbá” tàbí “pátápátá” já gaara. Ọbẹ̀ ń ṣàn sí mi lágbọ̀n, Bọ̀dá Tọ́pẹ́ sì lọ ra aṣọ ìgbátọ́ ọmọ ọwọ́ aláwọ̀ búlúù tó ní àwòrán ajá, ó so ó mọ́ mi lọ́rùn níwájú àlejò. “Àǹtí Àléébù, ó ti kàn ẹ́. Ò ń jò.” Mo rẹ́rìn-ín ìdajì. Ìdajì náà tó.

Ìyá mi ló jẹ ìyà jù. Mo bá a nínú ilé ìdáná, ó ń sunkún lórí àlùbọ́sà tí kò tíì gé.

“Ewé tí mo fi kùn ẹ́ ló fa gbogbo eléyìí.”

“Mọ́mì, ewé kò ṣe nǹkan kan. Téèpù yín ló gbà mí.”

“Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni mà.”

Ó nu ojú. Láti ọjọ́ yẹn, bí oníbàárà bá ná téèpù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó máa ń sọ pé, “Má ná èyí bẹ́ẹ̀ o. Dókítà ń lò ó.”

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, igun ẹnu mi òsì mì lẹ́ẹ̀kan, bí okùn ìwọ̀ tí ẹja fà. Mo pariwo. Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, Díákónì Kúnlé kan ilẹ̀kùn mi pẹ̀lú àpò dúdú kékeré. Mo rò pé ó wá sọ fún mi pé wọ́n ti fún òun ní Ìkórè. Ẹnu ìpè ló kó wá, ìyẹn irin kékeré tí a ń fi ètè sí, láìsí ìpè lẹ́yìn rẹ̀.

“Sísítà, mo ti gba ipò yín lọ́kàn mi ná. Mo tiẹ̀ ti dán bàtà. Ẹ̀rí ọkàn wá ń jẹ mí. Ẹ jókòó, ká bẹ̀rẹ̀ láti ábídí.”

Gbogbo Sátidé ló ń wá. A fẹ́ àbẹ́là pa. A fi sítírọ́ọ̀ fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi ife. A súfèé níwájú dígí, èmi pẹ̀lú ẹnu wíwọ́, òun pẹ̀lú eyín iwájú tó yọ. Ẹni tó bá yọjú á rò pé a ti ya wèrè. Ohùn àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu ìpè mi dà bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù. Díákónì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀, ó ní kò sí irú ewúrẹ́ yẹn nínú ìjọ wa. Aládùúgbò mi ìsàlẹ̀ pàtẹ́wọ́.

Láàárín àsìkò yẹn, dókítà ilé ìwòsàn ńlá yẹn kọ lẹ́tà sí ilé àyẹ̀wò òkè òkun náà, ó ní òun fẹ́ rí èsì àkọ́kọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an. Ó dé. Mo kà á nínú ọ́fíìsì rẹ̀. “Kò sí” wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìlà kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó sọ pé bí àìsàn náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, èsì yìí kò fi hàn pé kò sí lóòótọ́, kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ náà yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ilé àyẹ̀wò Sábó ti tún èsì náà tẹ̀ sórí ìwé tiwọn, nítorí kí orúkọ àti òǹtẹ̀ wọn lè hàn. Wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ méjì. Wọ́n fi ìlà yẹn sílẹ̀. Mo gbé ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo tún ìlà yẹn kà.

Ọjọ́ Ìkórè pé. Ojú mi òsì ṣì wúwo díẹ̀, ẹnu mi kò tíì gún tán, ṣùgbọ́n ètè ti ń di ara wọn mú. Mo dúró níwájú, Díákónì Kúnlé lẹ́yìn mi. Ó sọ sí mi létí pé, “Bó bá jò, èmi á dí i.” Mo mí kanlẹ̀, mo fun ún. Kò jò. Ohùn náà jáde bí ìdẹ tí oòrùn kọ lù, gbogbo ẹsẹ̀ gbéra, ìyá mi sì ń jó lọ lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú téèpù lọ́rùn, lórí aṣọ Ìkórè rẹ̀.

Nígbà tí a dé iwájú ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà, mo dá bàǹdì dúró. Ètò kò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo ṣe é. Mo kọjú sí ẹnu ọ̀nà wọn, mo fun ìpè àkọ́kọ́ yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀gbẹ́ni kóòtù funfun jáde pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó pàtẹ́wọ́ fún mi. Kò dá mi mọ̀ rárá.

Ẹ̀yin tí irú èyí lè ṣẹlẹ̀ sí, ẹ gbọ́: ọ̀pọ̀ ibà wa nílẹ̀ yìí kì í ṣe Láìmù, ẹ yẹ maléríà wò kí ẹ tó ro nǹkan mìíràn. Ẹ má sì torí mi kórìíra àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ibi tí ẹ lọ, bí wọn kò tiẹ̀ béèrè. Ẹ ya àwòrán ohun tó bá yọ lára yín, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ kọ ọjọ́ sí i. Bí ìwé bá ní kò sí, tí ara yín sì ń sọ pé ó wà, ẹ bi ìwé náà léèrè ọjọ́ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀. Ara mi sọ òótọ́ láti àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn nínú balùwẹ̀. Èmi ni mi ò tètè gbọ́. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí lójoojúmọ́: lọ́wọ́ ètè tó padà wá láì bínú, lọ́wọ́ ojú tó ń pa dé fúnra rẹ̀, tí mi ò kà sí iṣẹ́ rí.

Ẹ̀yin ilé àyẹ̀wò ti Sábó, ẹ̀yin dókítà ti Sùúrùlérè, lẹ́tà mẹ́ta ni mo ti kọ sí yín. Ta ló yọ ìlà yẹn kúrò? Èèyàn mélòó lẹ ti fún ní ọ̀rọ̀ méjì, tí ẹ sì tọ́jú ìyókù? Kí ló dé tí ẹ kò bi mí léèrè ibi tí mo ti ń bọ̀? Mo fẹ́ ìdáhùn, lórí ìwé tiyín, pẹ̀lú òǹtẹ̀ tí ẹ fẹ́ràn yẹn. Ẹ má ṣe gé ìlà kankan kúrò nínú rẹ̀.

Ẹ má kánjú ju bó ṣe yẹ lọ. Ilé mẹ́rin péré ló wà láàárín wa, gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo sì ń kọjá níwájú yín pẹ̀lú ìpè mi. Èémí mi gùn dáadáa báyìí, ètè mi sì ti di ara wọn mú.